Kókó Tí Kò Sí Nínú Ìlẹ̀kẹ̀

Munirat fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ìtàn yìí, òun náà ló sì ní kí n má fi orúkọ mìíràn bo òun láṣìírí. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá a lójú. Ó ní ojú ti ti òun níwájú ẹnì kan ṣoṣo tí òun bẹ̀rù láyé, èyí tó kù kò tó nǹkan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà lórí fóònù, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ yín náà ń bọ̀ níwájú.

Iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ni Munirat ń ṣe ní Bàrígà. Ìsẹ́yìn ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Bàrígà ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ náà ló ti kọ́ṣẹ́. Iyùn, ìlẹ̀kẹ̀ onídígí, ìlẹ̀kẹ̀ idẹ, kò sí èyí tí kò lè sín. Ọ̀gá tó kọ́ ọ ni Ìyá Ìbídàpọ̀, obìnrin Ìlàjẹ kan tó ń gbé ní etí ọ̀sà ní Bàrígà níbẹ̀, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Ìlàjẹ, nínú ilé onípákó tí omi ń kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ ìyá yìí, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé. Apẹja ni bàbá rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń bá a so àwọ̀n, kó tó mọ ABD. Nígbà tó dàgbà tó kọ́ iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀, ó mú kókó àwọ̀n wọ inú rẹ̀. Bó bá ki ìlẹ̀kẹ̀ kan sínú òwú, á so kókó kan tì í kó tó ki òmíràn. Bí òwú bá já, ẹyọ kan ṣoṣo ló lè bọ́, ìyókù á dúró síbi tí wọ́n wà. Ohun tí ẹlòmíràn ń ṣe ní wákàtí kan, ọjọ́ méjì ló máa ń gbà á. Ọ̀rọ̀ tó sì máa ń sọ fún àwọn oníbàárà ni pé, "Bó bá já tó fọ́n ká, kì í ṣe ọwọ́ mi ló ti jáde."

Ọmọ iṣẹ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ fún oṣù méjì gbáko. Òwú òfìfo ni yóò máa so ní kókó. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ìyá á di ojú, á fa òwú náà kọjá láàárín àtàǹpàkò àti ìka kejì, á máa ka kókó rẹ̀ lẹ́nu. Èyí tó bá tóbi ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àlùmọ́gàjí ló ń gé e, ọmọ iṣẹ́ á sì tún bẹ̀rẹ̀. Munirat sunkún lórí òwú òfìfo yẹn ju bó ṣe sunkún lórí ọkọ lọ.

Ọjọ́ tó gba òmìnira ní ọdún kẹta, ìyá gbé rílì òwú tirẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Munirat, kì í ṣe òwú ni mo fún ọ, kókó mi ni. Ohun tí kókó mi bá wà nínú rẹ̀ ni kí o máa dárúkọ mi sí."

Munirat kúnlẹ̀, ó ní àmín. Ẹ má gbàgbé àmín yẹn o.

Nǹkan dára fún ọdún mélòó kan. Àfi ọdún tí dọ́là bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìbò tí gbogbo ènìyàn jó sí, tí iyùn di ohun tí a ń fi ojú wò. Àwọn oníbàárà ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Munirat kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Àsìkò yẹn ni àwọn ọmọ kan gbé ọjà tuntun kan dé sórí fóònù. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Àtẹ.

Wọ́n pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn kan ní Fádèyí. Ẹ̀wù kan náà ni gbogbo wọn wọ̀, wọ́n ń fi imú sọ̀rọ̀, ẹni ogún ọdún ń pe ẹni ogójì ọdún ní orúkọ láìfi ẹ̀gbọ́n kún un. Wọ́n ní Àtẹ kò ní gba ohun tí ẹ̀rọ bá ṣe láéláé, ti oníṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni. Wọ́n ní Munirat yóò jókòó sí Bàrígà, London ni ọjà rẹ̀ yóò ti máa tà. Wọ́n pín omi àti mítípáì kọ̀ọ̀kan fún gbogbo ènìyàn. Munirat gba gbogbo ọ̀rọ̀ wọn gbọ́. Mítípáì kan ṣoṣo ni wọ́n fi rà á.

Wàhálà àkọ́kọ́ ni ti fọ́tò. Àtẹ ní aṣọ funfun ni kó tẹ́ sábẹ́ ìlẹ̀kẹ̀. Ó tẹ́ jalabíà ọkọ rẹ̀. Wọ́n dá fọ́tò náà padà, wọ́n ní òjìji wà níbẹ̀. Ó gbé e síta lọ́sàn-án gangan. Wọ́n tún dá a padà, wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni ó ya ẹ̀gbà ọrùn kan ṣoṣo kí wọ́n tó gbà á, ọkọ rẹ̀ sì ń bi í ní gbogbo àkókò yẹn bóyá òun lè rí aṣọ òun wọ lọ kí Jímọ̀.

Ó kan ti ìtàn. Àtẹ ní àwọn oníbàárà òde òní kì í ra ọjà mọ́, ìtàn ni wọ́n ń rà, kí oníkálukú kọ tirẹ̀. Munirat kọ nípa etí ọ̀sà, nípa àwọ̀n, nípa ìyá àgbàlagbà tó ń dijú ka kókó. Ìtàn náà dára. Òótọ́ sì ni, nígbà yẹn.

Lọ́jọ́ kan, ó wọ orí Àtẹ bí ẹni tó fẹ́ rajà, ó ní kí wọ́n wá ìlẹ̀kẹ̀ àfọwọ́ṣe fún òun. Ojú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n ló ti rí tirẹ̀. Èyí tó wà lókè pátápátá jẹ́ ti ẹnì kan tó ní ọwọ́ òun nìkan ni òun fi ṣe gbogbo rẹ̀, tó sì kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló ṣẹ́ kù nílẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, irú kan náà, àwọ̀ kan náà. Munirat bi ara rẹ̀ léèrè pé ọwọ́ mélòó ni Ọlọ́run dá mọ́ ẹni yìí lára.

Ó kọ̀wé sí Àtẹ. Wọ́n fèsì kíá, wọ́n pè é ní Munirat àwọn ọ̀wọ́n, wọ́n ní inú àwọn dùn láti gbọ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdùnnú wọn parí sí.

Kò pẹ́ sí i ni ẹnì kan jí fọ́tò rẹ̀. Kò tilẹ̀ tún un yà, ó kàn gbé e tọwọ́tọwọ́, àtàǹpàkò Munirat ṣì wà níbẹ̀, èyí tí èékánná rẹ̀ là sí méjì láti ìgbà tí ó fi í há ilẹ̀kùn. Munirat tún kọ̀wé. Àtẹ ní kí ó mú ẹ̀rí wá pé òun ló ni àtàǹpàkò náà. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi gbọ́. Munirat ya àtàǹpàkò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Wọ́n dá a padà. Wọ́n ní aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò funfun tó.

Oníbàárà kan wá fún un ní ìràwọ̀ kan péré nínú márùn-ún, ó ní ìlẹ̀kẹ̀ méjì kò dọ́gba. Ohun tí a fi ọwọ́ ṣe, kò dọ́gba! Bóyá ìka ọwọ́ tirẹ̀ dọ́gba, n kò mọ̀.

Ohun kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Àtẹ kì í jẹ́ kí ẹni tó ń tà mọ ẹni tó ń rà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n kí àwọn méjèèjì má lọ mọ ara wọn tán kí wọ́n máa ṣòwò lẹ́yìn àwọn. Nọ́ńbà ni wọ́n ń fún oníbàárà. Munirat á di ọjà, á kọ nọ́ńbà sí i lára, á wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Fádèyí níbi tí wọ́n ti ń gbà á. Ìgbà tó bá kúrò níbẹ̀, kò mọ ibi tí ọjà rẹ̀ ń lọ mọ́.

Títí dé ibí yìí, ẹ̀yìn Munirat ni mo wà. Wọ́n fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀bùn rí ikú ọkọ tìrànmọ́. Ẹ wo ohun tí obìnrin yìí lọ ṣe.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Fareedah, tí wọ́n jọ lọ sí ilé kéú. Ṣómólú ni Fareedah ń gbé, láàárín àwọn onítẹ̀wé, òun náà sì ń ta ẹ̀ṣọ́ lórí Àtẹ. Ìràwọ̀ márùn-ún ló ní, kò sì tíì fi ọwọ́ di abẹ́rẹ́ mú rí láyé rẹ̀. Munirat lọ bá a láti lọ bi í ní oògùn tó ń lò. Ó bá a láàárín páálí, ó ń fi àkísà àti kẹrosíìnì nu ẹ̀yìn ẹ̀gbà ọwọ́ kan.

Ó bi í pé kí ló ń nù.

"Ibi tí wọ́n ti ṣe é," ni Fareedah dáhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Munirat ní ṣé ẹ̀rù kì í bà á ni. Fareedah ní ẹ̀rù ta ni. Ó ní àwọn tó ni Àtẹ mọ̀, àwọn tó ń rà á náà mọ̀, wọn kò kàn fẹ́ gbọ́ ni. "Munirat, ta ló ń rí kókó nínú fóònù? Fọ́tò ni wọ́n ń rí. Ìwọ ti ní fọ́tò tó dáa, o ti ní ìtàn tó ń pa èèyàn lẹ́kún. Kí ló tún kù? Bí a gúnyán nínú ewé, bí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó."

Munirat bínú dìde. Ó ní òun ò lè ṣe irú ẹ̀ láé. Ó ní òun ní ọ̀gá. Ó fi gbogbo ọ̀nà Ṣómólú dé Bàrígà yin ara rẹ̀.

Ìyìn yẹn jẹ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn, ohun méjì péré ló tà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, òun àti Fareedah jọ wọkọ̀ lọ sí Erékùṣù Èkó, lọ ra ọjà tí ẹ̀rọ ṣe.

Yẹtí nìkan ló kọ́kọ́ rà. Ó ní yẹtí kì í ní kókó tẹ́lẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn yẹn ó ra ẹ̀gbà ọwọ́, ó ní ẹ̀gbà ọwọ́ kò jìnnà sí yẹtí. Ìgbà tó máa fi di oṣù kejì, ẹ̀gbà ọrùn ló ń kó. Fọ́tò tirẹ̀ gan-an ló fi sílẹ̀ lójú Àtẹ, ti èyí tó fi ọwọ́ so, ìtàn ìyá sì wà lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe wà. Ohun tó ń lọ nínú páálí ni kò jọ ọ́ mọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ oníke ni, tí ẹ̀rọ sín, òwú rẹ̀ ń yọ̀ kọ̀rọ́kọ̀rọ́.

Kó má bàa dà bí ẹni pé ó ń tijú, ó lọ tẹ káàdì ẹgbẹ̀ta lọ́dọ̀ onítẹ̀wé kan ní Ṣómólú, Yorùbá lójú kan, Gẹ̀ẹ́sì lójú kejì. Ohun tó wà lára rẹ̀ nìyí: "Ìlẹ̀kẹ̀ yìí, ọwọ́ mi ni mo fi so kókó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní etí ọ̀sà Ìlàjẹ ṣe fi kọ́ mi. Bó bá já, kò ní fọ́n ká. Munirat, Bàrígà."

Ẹgbẹ̀ta irọ́, lórí páálí tó ń dán.

Ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Kò sí ẹni tó sọ pé ìlẹ̀kẹ̀ méjì kò dọ́gba mọ́, ẹ̀rọ kì í ṣi nǹkan wọ̀n. Ìràwọ̀ ń já lulẹ̀ bí òjò. Nígbà tó yá, Àtẹ ya àwòrán ọwọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n pè é ní Ọwọ́ Wúrà, wọ́n ní ó wà lára àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mẹ́wàá tó dáńgájíá jù. Ọdún kan gbáko tó fi ń fọwọ́ ṣiṣẹ́, wọn kò rí i. Oṣù mẹ́ta tó ká ọwọ́ kò, wọ́n fún un ní ọwọ́ wúrà. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń rí irú ọgbọ́n yìí kọ́, kó bá mi béèrè.

Ṣé Munirat kò mọ̀ pé òun ń ṣe ohun tí kò dára? Ó mọ̀. Tẹ́lẹ̀, kì í jẹ́ kí oṣù kan kọjá kó má ra búrẹ́dì àti èso lọ kí Ìyá Ìbídàpọ̀. Láti ìgbà tó ti bá Fareedah lọ sí Erékùṣù, kò yọjú síbẹ̀ mọ́. Bí ìyá bá pè, á ní iṣẹ́ ló pọ̀. Ìyá á ní iṣẹ́ kò ní tán, kó máa ṣe é lọ. Ìpẹ́ sì ti bo ojú méjèèjì ìyá nígbà yẹn, òjìji ènìyàn nìkan ló ń rí.

Oṣù mẹ́jọ kọjá báyìí.

Lọ́jọ́ Ajé kan, iṣẹ́ kan wọlé láti ọ̀dọ̀ nọ́ńbà 40718. Ẹni náà fẹ́ ẹ̀gbà ọrùn aláwọ̀ iyùn, èyí tó wọ́n jù nínú gbogbo ọjà rẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ sí i pé ìyá òun fẹ́ pé ẹni àádọ́rin ọdún. Ó ní, "Ṣé lóòótọ́ ni kókó wà láàárín gbogbo rẹ̀? Ìyá mi kì í wọ èyí tó máa ń fọ́n ká."

Ẹni tí orí rẹ̀ bá pé, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn ta sí i létí. Ti Munirat kò ta. Ó fèsì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ọwọ́ mi ni mo fi so ó."

Ó ní kí n fi kún un pé òun tilẹ̀ fẹ́ so eléyìí lóòótọ́. Ó dára, mo fi kún un. Ó gbé àwo jáde, ó kó ìwọ̀nba iyùn tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ sínú rẹ̀, ó jókòó tì í láti àárọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti le díẹ̀, ṣùgbọ́n kókó náà ń bọ̀. Ó so ogún. Ó so ọgbọ̀n. Nígbà tó di ọ̀sán, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àtẹ ní wákàtí rẹ̀ ń lọ, pé bí ọjà kò bá dé Fádèyí lọ́la, àwọn yóò gba Ọwọ́ Wúrà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wo àwo, kókó mọ́kànlélógójì ló ti so, ó ku bí ọgọ́ta. Ó wo páálí tó wà lábẹ́ tábìlì.

Ó ní kì í ṣe pé òun rò ó títí. Ọwọ́ òun kàn nà sí páálí ni. Ó mú ti oníke, ó fi káàdì lé e lórí, ó fi rìbọ́nù dì í, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Fádèyí. Kókó mọ́kànlélógójì wà nílẹ̀ lórí àwo níbi tó fi wọ́n sí.

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, Ìyá Ìbídàpọ̀ pè é. Ó ní ọmọ òun fi nǹkan ránṣẹ́, kó wá bá òun wò ó, ojú òun kò ríran. Ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀. Munirat ní òun ń bọ̀. Ó ra búrẹ́dì ńlá kan lọ́nà, láti fi dí àyè oṣù mẹ́jọ tí kò yọjú.

Ìyá jókòó sórí ẹní lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí ọ̀sà. Páálí kékeré kan wà lórí itan rẹ̀. Munirat rí rìbọ́nù páálí náà láti ẹnu ọ̀nà. Rìbọ́nù olómi ọsàn ni. Òun nìkan ló ń lò ó ní gbogbo Bàrígà.

Ó kí ìyá. Ìyá dáhùn, ó bi í nípa ọkọ rẹ̀, ó bi í nípa àwọn ọmọ. Kò béèrè ibi tó ti wà láti oṣù mẹ́jọ. Ó ní kó jókòó.

"Ìbídàpọ̀ fi ìlẹ̀kẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láti London," ni ìyá wí. "Ó ní kí n fi ṣe àádọ́rin ọdún mi. Ìwé kan wà nínú ẹ̀. Bá mi kà á."

Ó na káàdì náà sí i. Munirat gbà á. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ìyà, ṣùgbọ́n kí ènìyàn máa ka irọ́ ara rẹ̀ sókè ketekete fún ẹni tó fi orúkọ rẹ̀ pa á, n kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó kà á. Ó ka ọwọ́ mi ni mo fi so kókó rẹ̀. Ó ka ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́. Nígbà tó dé ibi kò ní fọ́n ká, ó dákẹ́.

"Ó tán?"

"Ó tán, Màámi."

Ìyá mirí. "O fo ìlà kan. Adéjìmí, ọmọ àdúgbò wa tó gbé e wá, ti kà á fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Ka ìlà tó kù."

Omi ń gbá òpó ilé lábẹ́ wọn. Munirat wo káàdì, ó wo ìyá. "Munirat," ló wí. "Munirat, Bàrígà."

"Nígbà tí Adéjìmí ka orúkọ yẹn, mo sunkún," ni ìyá wí. "Ayọ̀ ni. Mo ní ọmọ mi lọ sí London, ọwọ́ ọmọ mi kejì ló lọ rà wá fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Lẹ́yìn náà ni mo wá fọwọ́ bà á."

Ó yọ ẹ̀gbà ọrùn náà nínú páálí. Ó di ojú tí kò ríran tẹ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa òwú náà kọjá láàárín àtàǹpàkò àti ìka kejì, bó ṣe máa ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ láyé ọjọ́un. Ó ń ka ẹnu ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan. "Kò sí. Kò sí. Kò sí." Kò yára. Ó ka gbogbo rẹ̀ tán, títí dé ibi ìkọ́.

Munirat wólẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ó sọ ti dọ́là. Ó sọ ti ojú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n, ti ẹni ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ti àtàǹpàkò, ti wákàtí tó ń lọ. Ó ní gbogbo wọn ló ń ṣe é. Ó ní Àtẹ ló sọ òun dà bẹ́ẹ̀. Ìyá fetí sílẹ̀.

Nígbà tó parí, ìyá ní, "Àtẹ yìí, ṣé òun ni mo fún ní kókó?"



Ìyá na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó fọwọ́ wá àlùmọ́gàjí rẹ̀ lórí ilẹ̀ títí ó fi bà á, ó gbé e pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lé ọwọ́ Munirat. Ó ní kó gé e. Munirat bẹ̀ ẹ́. Ó tún sọ ọ́, kò gbé ohùn sókè. Munirat gé òwú náà níbì kan ṣoṣo.

Gbogbo rẹ̀ tú. Ó yí kiri orí pákó, ó yí sábẹ́ àga, ó ń bọ́ gba ihò àárín pákó sínú omi, tó, tó, tó. Ìyá dẹ etí sí i títí èyí tó gbẹ̀yìn fi bọ́.

"Ó fọ́n ká," ni ìyá wí.

Lẹ́yìn yẹn, ó ní kí Munirat bá òun pe Ìbídàpọ̀. Ó ní ọmọ náà ń retí kí òun sọ bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe rí, òun ò sì lè purọ́ fún ọmọ òun, nítorí náà kí ẹni tó di páálí sọ ohun tó dì sínú rẹ̀. Munirat sọ ọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀, fóònù wà nílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ìyá ń gbọ́.

"Àǹtí Munirat," ni Ìbídàpọ̀ wí, "mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Mo ka ìtàn yín, mo mọ̀ pé màámi ni. Ìdí tí mo fi rà á nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin oníbàárà ti dé báyìí. Munirat padà sílé, ó kọ̀wé sí Àtẹ fúnra rẹ̀. Ó ní irọ́ ni òun tà fún nọ́ńbà 40718, kì í ṣe nọ́ńbà yẹn nìkan sì ni, kí wọ́n dá owó àwọn ènìyàn padà. Àtẹ fèsì kíá. Wọ́n pè é ní Munirat àwọn ọ̀wọ́n. Wọ́n ní àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ẹ̀sùn kankan. Nọ́ńbà 40718 ti fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún ní ọjọ́ tí ọjà dé. Bẹ́ẹ̀ ni. Fóònù ló bi Ìbídàpọ̀ ní London pé báwo ni ìlẹ̀kẹ̀ tó wà ní Bàrígà ṣe rí, òun náà sì tẹ márùn-ún. Ohun tí ẹ kò tíì fi ojú rí, tí ẹ kò tíì fi ọwọ́ kàn, ẹ̀ ń fún un ní ìràwọ̀. Ẹni tó fọ́jú ló mọ ohun tí gbogbo yín kò mọ̀.

Munirat pa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lórí Àtẹ rẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní àwọn yóò ṣàárò rẹ̀. Fareedah ní ó ya wèrè. Káàdì tó kù, ọ̀ọ́dúnrún ó lé díẹ̀, ó fi dáná.

Ó padà lọ bá ìyá, ó ní òun fẹ́ so òmíràn fún un kí ọjọ́ àádọ́rin ọdún tó dé, iyùn gidi, ọ̀fẹ́ ni. Ìyá ní rárá. Ó ní Munirat kò tíì dé ibi ìlẹ̀kẹ̀. Ó wá rílì òwú kan nínú agolo, ó jù ú sí i lórí itan. Òwú òfìfo. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, ìyá ọmọ mẹ́ta, tí àwọn kan pè ní Ọwọ́ Wúrà, jókòó sórí pákó ní Ìlàjẹ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ó ń so kókó sínú òwú tí kò ní ohunkóhun lórí. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá á dijú, á fà á kọjá. Ní Sátidé àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ ló gé.

Ọjọ́ àádọ́rin ọdún náà dé. Àwọn ará ìjọ ìyá wá gbàdúrà nílé, wọn kò pọ̀. Ìyá wọ aṣọ funfun, ọrùn rẹ̀ lásán. Munirat wà níbẹ̀, òun ló ń gbé abọ́ fún àwọn àlejò. Obìnrin kan nínú ìjọ wo ọrùn ìyá, ó ní òun gbọ́ pé Ìbídàpọ̀ fi ìlẹ̀kẹ̀ ránṣẹ́ láti London, pé ibo ló wà, ṣé kò dé ni.

Munirat dúró.

"Ọmọ iṣẹ́ mi kan ń so ó lọ́wọ́," ni ìyá dá obìnrin náà lóhùn. "Kò tíì mọ̀ ọ́n so."

Munirat kó abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọlé lọ.